Yàrá Abẹ́ Ilé Tí Ń Rùn Bí Aṣọ Tí Kò Gbẹ: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Lé Òórùn Náà

Òórùn yàrá abẹ́ ilé kì í fara pa mọ́. Bí ènìyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ó sì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni yóò ti pàdé rẹ̀: ó ń rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ kí ó tó gbẹ, tàbí bí ìwé àtijọ́ tí omi ti kàn rí. Omi fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Ohun tí ń rùn ni irú olú kéékèèké tí ń mú kí búrẹ́dì bu, èyí tí ń hù lára igi, páálí, aṣọ àti eruku tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sì ń tú afẹ́fẹ́ olóòórùn sílẹ̀ bí ó ti ń jẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ náà a máa dá tiwọn kún un. Wọ́n ń ṣe geosmin, èròjà tí ó wà nínú òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, imú ènìyàn sì máa ń gbọ́ ọ bí ó tilẹ̀ kéré jọjọ nínú afẹ́fẹ́.

Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń tà fún ẹni tí òórùn yìí bá ń dà láàmú, láti orí ike olóòórùn dídùn dé orí ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin, títí dé orí iṣẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ yí ilé po. Yàtọ̀ sí ọ̀kan tí n ó dárúkọ níwájú, kò sí èyí tí kò ní ibi tí ó ti wúlò nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì fi owó nìkan wọ̀n wọ́n yóò ra èyí tí kò bá ìṣòro rẹ̀ mu. Ohun tí mo máa ń béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni pé, ṣé omi ni ó ń dín kù, àbí òórùn nìkan? Olú yìí kò lè hù láìsí ọ̀rinrin. Ọ̀nà tí kò bá fọwọ́ kan omi kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Nǹkan méjì tí kò wọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ ní lọ́wọ́. Èkíní ni hygrometer, ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ń sọ ìdá ọ̀rinrin tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sí igun tí òórùn ti pọ̀ jù, kì í ṣe sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá wà láàárín ìdá 30 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kò séwu. Bí ó bá ń kọjá 60 lọ́pọ̀ ìgbà, olú ti rí ibùgbé.

Èkejì ni ọ̀rá tí ó mọ́ gaara àti téèpù. Ẹ gé ọ̀rá náà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pinpin mọ́ ilẹ̀ kọnkéré, ẹ lẹ òmíràn mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi ní abẹ́ ọ̀rá, ní ìhà tí ó kọjú sí kọnkéré, inú ilẹ̀ ni omi ti ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìhà tí ó kọjú sí yàrá ni ó tutù, afẹ́fẹ́ ni ó gbé omi náà wá. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì, pàápàá nínú ilé tí ó ti pẹ́.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí ó ń gbọ̀n dànù bí ẹ bá fi ìka gbá a lè má jẹ́ olú rárá. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i: bí ó bá yòrò, iyọ̀ ni, iyọ̀ tí omi fọ̀ jáde láti inú sìmẹ́ńtì tàbí ilẹ̀ bí ó ti ń gba inú ògiri kọjá, tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó gbẹ. Olú kì í yòrò. Iyọ̀ yìí kò rùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú ọ̀nà tí omi gbà hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣíṣí fèrèsé tàbí ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọlé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà tó o. Ẹ wo ìgò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì ní ọ̀sán gangan. Kí a tó ṣí ìdérí rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń làágùn, ó sì ti ń kán sórí tábìlì. Ìgò náà kò jò. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó gbé omi lọ́wọ́ ni ó fara kan ohun tútù tí ó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri yàrá abẹ́ ilé, nítorí pé ilẹ̀ tí ó yí i ká máa ń tutù ju ìta lọ ní àsìkò ooru. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 25°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 60, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sára ohunkóhun tí kò bá gbóná tó nǹkan bí 17°C. Bí ó bá jẹ́ 30°C àti ìdá 70, ohun tí kò bá tó nǹkan bí 24°C ni yóò máa làágùn. Ẹni tí ó ṣí fèrèsé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí òórùn lè jáde, omi ni ó ń bu fún olú mu.

Bí ìta bá tutù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ tútù kì í gbé omi púpọ̀, bí ó bá sì wọlé tí ara rẹ̀ móoru díẹ̀, á máa fa ọ̀rinrin inú yàrá mọ́ra, á sì gbé e jáde. Ní irú àkókò yẹn, fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn, tí a ṣí fún wákàtí kan, lè ṣe ju ẹ̀rọ lọ, láìjẹ iná mànàmáná. Kò sí ìdí fún ìṣirò: ẹ wo hygrometer kí ẹ tó ṣí fèrèsé, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí nọ́ńbà bá lọ sókè, ẹ tì í.

Fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde kò yàtọ̀ sí fèrèsé tí a fún ní agbára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tí fèrèsé kò ní. Afẹ́fẹ́ tí ó bá fà jáde gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Bí ẹ̀rọ agbómikaná tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná tí ń jó gáàsì bá wà nínú yàrá kan náà, fáànù lè fa èéfín rẹ̀ padà wọlé, èéfín náà sì lè ní carbon monoxide nínú, èyí tí ń pa ènìyàn láìrùn. Ó tún lè fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ gba ojú ibi tí kọnkéré ti sán, àti radon, afẹ́fẹ́ aláìlóòórùn tí ń jáde láti inú ilẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀ ní àgbègbè tí ó bá wà. Radon wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èmi kì í dábàá fáànù fún yàrá tí iná gáàsì bá wà nínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dehumidifier, inú yàrá tí a tì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó tan án tí ó tún ṣí fèrèsé sílẹ̀ ń fi ajere pọnmi ni, nítorí ọ̀rinrin gbogbo àdúgbò ni ó ń gbìyànjú láti gbẹ. Àǹfààní rẹ̀ lórí fèrèsé ni pé kò dúró de ojú ọjọ́: bí a bá yàn án sí ìdá 50, á máa tan ara rẹ̀, á sì máa pa ara rẹ̀, yálà òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn ń ràn. Àléébù rẹ̀ ni owó iná, ariwo, àti ike omi tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa dà nù. Bí ike bá kún, ẹ̀rọ á dákẹ́, bí kò bá sì sí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin ni olú fi jayé. Nítorí náà, èyí tí a lè so rọ́bà mọ́ kí omi máa ṣàn tààrà lọ sínú ihò omi sàn ju èyí tí ó lẹ́wà lọ.

Ẹ̀rọ oríṣi méjì

Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì: ó ń mú kí irin inú rẹ̀ tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i, á sì kán sínú ike. Èkejì, desiccant, ní àgbá kan tí ń yí, tí èròjà inú rẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ooru sì ń lé omi náà jáde lára rẹ̀. Bí yàrá yín kì í bá tutù ju 15°C lọ, ẹ ra ti àkọ́kọ́, nítorí iná tí ó ń jẹ lórí lítà omi kọ̀ọ̀kan kéré sí ti èkejì. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í bo irin inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa dá iṣẹ́ dúró kí yìnyín lè yọ́. Ibẹ̀ ni desiccant ti borí, nítorí òtútù kò dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń mú yàrá móoru díẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ tàn yín. Lítà 20 lójúmọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ fà nínú yàrá ìdánwò tí ó gbóná tó 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó ìdá 80. Nínú yàrá abẹ́ ilé tí ó tutù, ó lè má fa ìdajì rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ó lè fà ní 20°C tàbí kí ó dín díẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, ìwé ìlò rẹ̀ sábà máa ń sọ ọ́.

Àwọn ike kékeré tí èròjà calcium chloride wà nínú wọn náà ń fa omi, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àpótí ni agbára wọn mọ. Ẹ sì ṣọ́ra kí omi tí ó bá kún inú wọn má dà sílẹ̀, nítorí á dípẹtà mọ́ irin.

Ọ̀dà inú ilé tàbí iṣẹ́ ìta

Bí ìdánwò ọ̀rá bá fi hàn pé inú ilẹ̀ ni omi ti ń wá, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fà á tán. Ibi yìí ni owó ńlá ti ń sọnù jù, nítorí pé ohun tí ó rọrùn láti tà fún ènìyàn ni ọ̀dà tí wọ́n ní ó ń dènà omi. Ọ̀dà náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lórí kọnkéré tí a ti họ mọ́, tí kò ní ọ̀dà àtijọ́ lára, ó lè dín ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ tí ń yọ lára ògiri kù. Ṣùgbọ́n inú ni a kùn ún sí, ìta sì ni omi ti ń tì í. Omi tí ó dúró lẹ́yìn ògiri lẹ́yìn òjò ńlá ní ìwúwo, bí ó bá sì ti ń tì í láìdẹ́kun, ọ̀dà á wú bí awọ ara tí omi gbígbóná bó, á là, á sì máa já bọ́ ní ìpele ìpele.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan, ẹ jáde síta nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn àtidúró nínú òjò, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀ a máa sọ ju ohun tí agbaṣẹ́ṣe lè rí ní ọ̀sán tí oòrùn ń ràn. Ẹ wo ibi tí páìpù gọ́tà ń da omi sí. Òjò mìlímítà 25 péré lórí òrùlé tí ó gùn tó mítà 10, tí ó sì fẹ̀ tó mítà 10, jẹ́ lítà 2,500 omi, bí gbogbo rẹ̀ bá sì ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri, a jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń pọn omi sínú yàrá náà. Ẹ fa páìpù gọ́tà gùn kí ó máa da omi sí ibi tí ó jìnnà sí ògiri tó mítà méjì, ẹ kó ewé inú gọ́tà kúrò, kí ẹ sì da yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí ilẹ̀ lè rẹlẹ̀ lọ sí ìta: kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ láàárín mítà mẹ́ta. Ṣọ́bìrì, páìpù àti ọjọ́ ìsinmi kan ni ó gbà. Èyí ni mo máa ń fi síwájú gbogbo iṣẹ́ mìíràn, kódà ṣáájú ẹ̀rọ.

Bí omi bá ṣì ń wọlé lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ni ó kù, wọ́n sì wọ́n. Àkọ́kọ́ ni kí a la ilẹ̀ yàrá náà ní etí ògiri, kí a ri páìpù oníhò mọ́ ọn, kí pọ́ǹpù sì máa tú omi tí ó bá gbára jọ síta. Kò dá omi dúró. Ó kàn ń gbà á lálejò, ó sì ń sìn ín jáde, bí iná bá sì lọ lákòókò òjò, pọ́ǹpù tí kò ní bátìrì kò lè ṣe ohunkóhun. Èkejì ni kí a gbẹ́ ìta ilé dé ìpìlẹ̀, kí a sì fi ohun tí omi kò lè là kọjá bo ògiri láti ìta. Òun ni ó dára jù fún ògiri nítorí ògiri fúnra rẹ̀ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, ó sì ń ba ọgbà jẹ́. Ibi tí omi bá ti ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni mo ti máa yan ti àkọ́kọ́. Ibi tí ó bá ti ń gba ara ògiri nìkan, tí ìta sì ṣeé gbẹ́, ti èkejì tọ́ sí owó rẹ̀.

Ohun tí a fi ń fọ ògiri

Bí omi bá ti ń dín kù ni a tó ń fọ olú tí ó ti hù. Bílíìṣì ni gbogbo ayé ń sáré sí, nítorí pé ó ń sọ ohun dúdú di funfun lójú ẹsẹ̀. Lórí táìsì tàbí ike, ó ń ṣiṣẹ́. Kọnkéré àti igi ní ihò wẹ́wẹ́, èròjà tí ń pa olú kì í wọlé jìnnà, ṣùgbọ́n omi tí a fi pò ó ń wọlé. Fínígà kì í sọ ojú ògiri di funfun, ó sì lè máa jẹ kọnkéré àti òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn olú kan, òórùn rẹ̀ sì ń lọ láàárín ọjọ́ kan. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle ni èmi ń yàn, nítorí pé olú tí ó ti kú kò sàn ju alààyè lọ fún ẹni tí ń mí i símú. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí a gbẹ ibẹ̀ kíákíá. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí mọ́ ohun tí ó ní amóníà nínú, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ àti ìbomú N95, bí olú náà bá sì gbòòrò ju mítà kan níbùú-lóòró lọ, tàbí tí ẹni tí ó ní ikọ́ fée bá wà nílé, iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni.

Èédú, sódà, òórùn dídùn àti ozone

Àwọn wọ̀nyí kò fọwọ́ kan omi, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí wọn. Activated charcoal, èédú tí a ṣe lọ́nà àkànṣe kí ihò wẹ́wẹ́ lè pọ̀ lára rẹ̀, ń fa afẹ́fẹ́ olóòórùn mọ́ra títí ihò rẹ̀ yóò fi kún, ó sì sàn ju bákìn-sódà lọ fún òórùn olú. Bákìn-sódà dára fún kápẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ gbá. Ní ti ohun olóòórùn dídùn, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bí òdòdó àti ìbu bá sì pàdé nínú afẹ́fẹ́ kan náà, òórùn kẹta tí wọ́n máa ń bí burú ju ìbu lọ. Ẹ̀rọ ozone, èyí tí ń tú irú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ní ó ń pa òórùn jáde, ni ọ̀kan tí mo ní kò sí ibi tí ó ti wúlò nínú ilé tí ènìyàn ń gbé: ìwọ̀n tí ó lè ṣe ohunkóhun sí olú ti ju èyí tí ẹ̀dọ̀fóró lè gbà lọ, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́.

Ẹrù tí ó wà níbẹ̀

Ẹ gbé páálí ìwé tí ó ti pẹ́ jù nílẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí àmì rẹ̀ sì dúró sórí kọnkéré, òórùn ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù àti páálí tí omi bá ti kàn, tí wọn kò sì gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, dídà nù ni ó yá jù fífọ̀ lọ. Igi líle, irin àti ike ṣeé fọ̀. Èyí tí ẹ bá tọ́jú, ẹ kó o sínú ike onídèérí, lórí pẹpẹ tí kò kan ògiri.

Bí hygrometer bá wà ní ìsàlẹ̀ 50 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ọ̀rá gbẹ ní ìhà méjèèjì, tí òórùn kan sì ṣì wà, ẹ wo ihò omi tí ó wà ní ilẹ̀ yàrá. Páìpù tí ó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní omi nínú nígbà gbogbo kí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí má baà gòkè wá, omi yẹn sì máa ń gbẹ bí a kò bá lo ihò náà fún ìgbà pípẹ́. Òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ẹyin tí ó bàjẹ́ ju ti ìbu lọ. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ bá dà sínú rẹ̀ ti tó.